Kónílé-ó-gbélé

Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, ọjọ́ ìmọ́tótó.
Ọkọ̀ ò gbọdọ̀ rìn títí aago mẹ́wàá yóò fi lù.
Òkè-Àdó pa lọ́lọ́ bí ilé-ìwé tó gba ìsinmi,
ẹrẹ̀ tí wọ́n kó nínú gọ́tà ń gbẹ létí títì.
A jókòó sábẹ́ páànù Sùbérù onígbàjámọ̀,
èmi àti Fadérera ọmọ fọganáísà,
ọmọ ọdún méjìlá, gíríìsì bàbá rẹ̀ lábẹ́ èékánná.

Ọ̀dà ni mo fi fa ilà pátákó ṣẹ́ẹ̀sì wa.
Bíṣọ́ọ̀bù dúdú kan ti sọnù lọ́dún tó kọjá,
ìdérí ìgò ló ń jẹ oyè náà, kò sì tíì ṣìwà hù.
Èmi mú funfun.

Mo tètè kó ọba mi sí kọ̀rọ̀,
mo to ọmọ ogun mẹ́ta síwájú rẹ̀ gbọn-in gbọn-in,
bí irin tí mo jó mọ́ fèrèsé ilé mi ní Mọ́lété
lẹ́yìn tí olè wá, lọ́dún tí ìyàwó mi kú.
Mo ní lọ́kàn mi: ta ni yóò gba ibí wọlé?
Mo wá rán olorì jáde,
òun nìkan, bí agbowó-orí.
Ó he ọmọ ogun kan lápá òsì, ó he èkejì,
ó gba ẹṣin dúdú lórí ìdúró.
Mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Sùbérù ò rẹ́rìn-ín.
Ó dá abẹ dúró lórí oníbàárà tó yọ́ wá.

Àwọn ará ilé ńkọ́?
Ilé-ìṣọ́ kan ti bá ojúgbà rẹ̀ kú lójú ọ̀nà.
Èkejì wà níbi tí mo gbé e sí láàárọ̀,
ẹṣin fẹ̀gbẹ́ tì í, bíṣọ́ọ̀bù fẹ̀gbẹ́ ti ẹṣin,
àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò tíì fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ òde,
wọ́n ń pa òfin kónílé-ó-gbélé mọ́ ju ìjọba lọ.
Ọdún márùndínlógójì ni mo fi to fáìlì ní Agodi,
mo mọ bí fáìlì tí a kò ṣí rí ṣe ń rí:
etí rẹ̀ mú ṣáṣá, kò ní àbàwọ́n,
kò sì wúlò fẹ́nì kankan.

Ọmọ náà ò wo olorì mi rárá.
Ó fi ìka kan ti ilé-ìṣọ́ rẹ̀
gba ojú ọ̀nà tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ,
tààrà, títí dé ìlà tó kẹ́yìn.
Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́.
"Bàbá, ṣẹ́ẹ̀kì."

Mo wo ọ̀tún ọba: etí pátákó. Mo wo iwájú:
ọmọ ogun mẹ́ta tí mo fọwọ́ ara mi tò
kẹ̀yìn sí i, wọn ò tilẹ̀ mọ̀.
Ká ní ọ̀kan nínú wọn ti sún ní ìṣísẹ̀ kan péré,
ọba ìbá rí ihò tí yóò fi mí.
A kì í sọ pé ọba kú, a ní ọba wàjà;
tèmi ò rí àjà kankan wọ̀.
Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i;
ilé tèmi ò jó, ẹnikẹ́ni ò fọ́ ọ,
ó mọ́ tónítóní, ọba wà nínú rẹ̀, ó ti tán.
Olorì ṣì wà lọ́nà jíjìn, ẹrù kún ọwọ́ rẹ̀.

Aago mẹ́wàá lù. Mọ́tò àkọ́kọ́ ti Chálẹ́ǹjì bọ̀,
ó ta ẹrẹ̀ gọ́tà sẹ́sẹ̀ bẹ́ǹṣì.
Mo ní ká tún un tò.
Mo ronú, mo tún ronú, mo wá fi ìgbéraga
sún ọmọ ogun etí pátákó síwájú ní ìṣísẹ̀ kan,
kí fèrèsé ti wà kí ilé tó wà.
Fadérera wo pátákó, ó wò mí,
ó fẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.
"Bàbá," ó ní, "ẹṣin ńkọ́?"